Ọkọ̀ àtijọ́ ń pawó ní Adéníji Adélé, àmọ́ ooru àti ìnáwó kò jẹ́ kí èrè dúró

Ọ̀sán gangan ni, lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejì, ọdún 2025. Ọkọ̀ àtijọ́ mẹ́rin tò tẹ̀lé ara wọn létí títì Adéníji Adélé, nítòsí ibi tí ọkọ̀ ti ń gun afárá Third Mainland. Volkswagen tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìjàpá, funfun báláú, ló ṣíwájú. Mercedes dúdú kan tẹ̀lé e, Peugeot 504 aláwọ̀ búlúù ló ṣìkẹta, Ìjàpá mìíràn tó pupa fòò ló sì kẹ́yìn. Wọ́n ti so ríbọ́ọ̀nù mọ́ iwájú gbogbo wọn. Ààwẹ̀ Ramadan ku bí ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó ní ìgbéyàwó ṣe ní Ìsàlẹ̀ Èkó sì ń sáré ṣe é kí oṣù tó lé. Ìyàwó ọjọ́ náà wà lẹ́yìn 504. Àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀lé wọn, àwọn àgbà ń nawọ́ sí wọn, wọ́n ní irú èyí ni bàbá àwọn fi ń gbé àwọn lọ sí Bar Beach láyé ọjọ́un.

Wọn ò rìn jìnnà. Nígbà tí wọ́n máa fi wọ inú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ tó máa ń wà lápá Ẹbútè Èrò, ọwọ́ aago tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó ti lọ kan ibi pupa. Kò pẹ́ ni èéfín funfun bẹ̀rẹ̀ sí í rú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Dẹrẹ́bà pa ọkọ̀. 504 náà kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, oòrùn sì ń ta bí ẹni pé wọ́n koná mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n fi ṣe ìyàwó lójú lóge bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ṣílẹ̀kùn, tó ní kí àbúrò òun bọ́ sílẹ̀, ló bá mú un wọ inú ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan tó ń tẹ̀lé wọn bọ̀, èyí tí inú rẹ̀ tutù bí ọ̀yẹ́. Bí ìyàwó ṣe dé gbọ̀ngàn nìyẹn. Àwọn ẹbí rẹ̀ kò san ìdajì owó tó kù mọ́, wọ́n tún ní kí onímọ́tò dá nínú èyí tí àwọn ti san padà.

Ọkùnrin tó ni 504 náà ń ta ohun èlò iná mọ̀nàmọ́ná ní Ìdúmọ̀tà. Ó ní ká má dárúkọ òun nítorí ọ̀rọ̀ ẹbí tó wà nínú ọ̀ràn yìí, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ tí ẹ bá kà á síwájú. Kò bá ẹnikẹ́ni jà lọ́jọ́ náà. ₦70,000 ni wọ́n dúnàádúrà, ₦35,000 ló ti gbà, ó sì dá ₦20,000 padà nínú rẹ̀. ₦15,000 ló kù sí i lọ́wọ́, kò tíì yọ owó ẹni tó fa ọkọ̀ náà kúrò lójú títì.

Iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí ń ṣe, ìyẹn fífi ọkọ̀ àtijọ́ háyà fún ìnáwó, jẹ́ òwò kékeré kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé owó ọ̀fẹ́ ló wà níbẹ̀. Ọkọ̀ ti wà nílẹ̀, bàbá ẹni ló rà á, kí lèèyàn tún fẹ́ ná? Ìdí nìyí tí akọ̀ròyìn yín fi padà lọ bá a lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tirẹ̀ ná, kí ẹ tó lọ fa Ìjàpá tó wà lẹ́yìnkùlé yín jáde.

Gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣàlàyé, ìgbéyàwó ló ń gbé iṣẹ́ tó pọ̀ jù wá. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣègbéyàwó báyìí kò fi bẹ́ẹ̀ ka jíìpù sí mọ́, torí pé jíìpù ti di ti gbogbo ayé. Ohun tó máa jáde dáadáa nínú fọ́tò ni wọ́n ń wá. Ìnáwó òkú àgbà náà wà níbẹ̀, àwọn ọmọ olóògbé máa ń fẹ́ kí irú ọkọ̀ tí bàbá wọn lò láyé jókòó sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Àwọn tó ń ya fọ́tò ọjọ́ìbí tiẹ̀ dáa jù lójú tirẹ̀, nítorí pé ojú kan ni ọkọ̀ máa wà fún wákàtí méjì, kò ní jó epo, kò sì ní bá ẹnikẹ́ni wọ inú gò-síló.

Àwọn onífíìmù náà ń bọ̀. Ẹni tó bá wo October 1 tí Kunle Afolayan gbé jáde lọ́dún 2014, tí ìtàn rẹ̀ dá lórí ọdún 1960, tàbí Swallow tó ṣe lọ́dún 2021 lórí Èkó àwọn ọdún 1980, á mọ̀ pé kò sí bí èèyàn ṣe lè ya irú fíìmù bẹ́ẹ̀ láìwá ọkọ̀ ìgbà náà. Tí Corolla ọdún méjì sẹ́yìn bá lọ ṣèèṣì kọjá lẹ́yìn òṣèré, ó ti bà á jẹ́ nìyẹn. Àmọ́ ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ni wọ́n máa ń fẹ́ fi gba ọkọ̀, wọ́n á sì ní lẹ́yìn iṣẹ́ làwọn máa sanwó. Ọkùnrin wa yìí ní òun kì í gbé kọ́kọ́rọ̀ sílẹ̀ láìrí owó. Ó gbọ́n bẹ́ẹ̀.

Tí a bá sì ń sọ̀rọ̀ fífi mọ́tò pawó, Erékùsù Èkó ti wà nídìí rẹ̀ tipẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1913 ni Ìyáàfin Charlotte Ọlájùmọ̀kẹ́ Ọbasá, ọmọ oníṣòwò ńlá nnì, R. B. Blaize, dá iṣẹ́ bọ́ọ̀sì akérò sílẹ̀ l'Ékòó, tó sì sọ ọ́ ní Àǹfààní. Obìnrin ni o, ó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí. Ọba Adéníji Adélé Kejì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe títì tí à ń sọ yìí wà lórí oyè láti ọdún 1949 sí 1964, ìgbà tí mọ́tò ṣì jẹ́ ohun tí èèyàn fi ń mọ olówó láàárín ọ̀pọ̀ èrò. Lọ́dún 1956 tí Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Nàìjíríà, Rolls-Royce tí Sir Louis Odumegwu Ojukwu, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nídìí mọ́tò akẹ́rù, yá ìjọba ni wọ́n fi gbé e kiri.

Ọkọ̀ tó ṣẹ́kù sílẹ̀ lónìí kò jẹ mọ́ Rolls-Royce rárá. Ọkọ̀ olùkọ́, akọ̀wé ìjọba àti oníṣòwò pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ ni. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá pọ̀ lójú ọ̀nà Badagry. Ọdún yẹn kan náà ni Peugeot Automobile Nigeria bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní Kàdúná. Ní ilẹ̀ Faransé tó ni 504, ọdún 1983 ni wọ́n ti ṣíwọ́ ṣíṣe sálúùnù rẹ̀, ṣùgbọ́n Kàdúná ń tò ó lọ títí wọ àwọn ọdún 2000. Jámánì ló bí Ìjàpá, Mẹ́síkò ni wọ́n sì ti ṣe èyí tó kẹ́yìn pátápátá ní oṣù Keje ọdún 2003, nígbà tí iye rẹ̀ lágbàáyé ti lé ní mílíọ̀nù 21. 504 gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari Rally ní Kẹ́ńyà lọ́dún 1975 àti 1978, nínú eruku àti ẹrẹ̀ tó ti fọ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ sí wẹ́wẹ́. Kì í ṣe ọkọ̀ tó ń sá fún wàhálà.

Kí ló wá dé tí ojú títì Ẹbútè Èrò fi borí ẹ̀?

Ìbéèrè yìí la gbé lọ bá mẹkáníìkì tó ń tọ́jú ọkọ̀ náà. Òdìkejì omi ló wà, nínú ọgbà mẹkáníìkì kan ní Ẹbúté Mẹ́ta. Ẹni ọdún 71 ni bàbá náà, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún gírísì, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ kedere.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ooru ló ba ọkọ̀ yìí jẹ́ ni, àbí ó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, ooru kì í ba mọ́tò jẹ́. Àṣírí ẹ̀ ló máa ń tú.”

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì fi fáànù hàn wá. Nínú 504, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣàlàyé, fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí rédíétọ̀ kì í yí ní gbogbo ìgbà. Iná mọ̀nàmọ́ná ló ń so ó mọ́ iṣẹ́ nígbà tí omi ẹ́ńjìnnì bá gbóná dé ìwọ̀n kan, tí ó bá sì tutù, á tún já a sílẹ̀. Ọgbọ́n àwọn Faransé nìyẹn, kí ọkọ̀ má baà máa jó epo lásán. Ohun tó ń gbé iná náà kọjá ni èédú kékeré kan tó ń fara kan irin, kò tóbi ju èékánná lọ. Èédú ti inú ọkọ̀ yìí ti jẹ tán. Tí ọkọ̀ bá ń sáré lórí Third Mainland, atẹ́gùn òkun ń fẹ́ sí i níwájú, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé fáànù ò yí. Ó di ọjọ́ tó dúró sójú kan nínú oòrùn fún ogójì ìṣẹ́jú kí ọ̀rọ̀ tó hàn síta.

Ìyẹn nìkan kọ́. Omi lásán ni wọ́n ti ń rọ sínú rédíétọ̀ rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, omi kànga ẹlẹ́rọ tó wà ládùúgbò. Ìpẹtà ti dí ìdajì àwọn ọ̀pá tín-ín-rín inú rẹ̀. Bàbá ní òun ti sọ fún ẹni tó ni ín láti ọdún tó kọjá pé kí wọ́n tú u, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì máa lo omi aláwọ̀ tí wọ́n ṣe fún un, èyí tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, tí kì í sì í tètè hó. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀.

A bi í léèrè ìdí tí Ìjàpá méjèèjì ò fi dákú lọ́jọ́ kan náà. Ó ní ẹ́ńjìnnì Ìjàpá ò lo omi. Ẹ̀yìn ló wà, atẹ́gùn tí fáànù rẹ̀ ń fẹ́ àti ọ́ìlì inú rẹ̀ ló ń tù ú lára. Béélítì fáànù rẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀, tó bá já, kéèyàn pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀, kó má ṣe rò pé òun á rọra wà á délé. Àti ọ́ìlì: ẹni tó bá ń fi ọ́ìlì dúdú bí ọ̀dà wa Ìjàpá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ń dáná sun ún ni. Àìsàn kan tún wà tó ń bá gbogbo ọkọ̀ oníkábúrétọ̀ jà. Bí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá gbóná jù, epo bẹntiróò á hó nínú ọ̀pá kó tó dé kábúrétọ̀, ọkọ̀ á kú, kò sì ní dáhùn àfi tó bá tutù. Aṣọ tí wọ́n fi omi rin, tí wọ́n wé mọ́ pọ́ọ̀ǹpù epo, ni oògùn tí àwọn àgbà mẹkáníìkì ń lò. Mo rò pé eré ni bàbá ń ṣe, àfìgbà tó fa àkísà kan jáde nínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ tó ní iṣẹ́ tí òun fi pamọ́ fún nìyẹn.

Ohun tó kan bàbá lára jù lọ kò sí nínú ẹ́ńjìnnì. Ọmọ iṣẹ́ ni. Èyí tó ní gbẹ̀yìn ti lọ síbi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà yẹ Toyota wò, ọmọ náà ní òun ò rí ẹni tó ń gbé kábúrétọ̀ wá mọ́. Bàbá ò bínú sí i. Àmọ́ nígbà tí a bi í pé ta ló máa tún ọkọ̀ wọ̀nyí ṣe lọ́dún mẹ́wàá sí i, ó kàn nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì ní ká jẹ́ kí òun pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé.

Pátì náà ń wọ́n. Ládípọ̀ tí í ṣe ojúko pátì ní Mushin, ọkọ̀ Japan ló kún ibẹ̀ báyìí. Bàbá ní lọ́pọ̀ ìgbà, Òkè Ọya ni òun ń ránṣẹ́ sí fún pátì 504, torí pé wọ́n ṣì ń wà á níbẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì bítà tirẹ̀ tún nìyẹn. Ọkọ̀ tó bá ń sùn lẹ́bàá ọ̀sà, bíi ti Adéníji Adélé yìí, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ń jẹ ẹ́ láti abẹ́, kì í hàn lójú, àfìgbà tí èèyàn bá tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ bá yọ sí títì.

Ní ilẹ̀ òkèèrè, ìpéjọpọ̀ àwọn ọlọ́kọ̀ àtijọ́ ti di òwò tó ń bọ́ ìlú. Ní Ítálì, láti ọdún 1977 ni wọ́n ti sọ ìdíje àtijọ́ Mille Miglia jí, oṣù Kẹfà tí oòrùn ibẹ̀ ń mú ni wọ́n sì ń ṣe é báyìí, láti ìlú Brescia lọ sí Róòmù àti padà. Ọkọ̀ irú èyí tó sá eré náà láàárín ọdún 1927 sí 1957 ni wọ́n ń gbà. Ní Pebble Beach ní Kalifóníà, láti ọdún 1950 ni wọ́n ti ń tò wọ́n sórí koríko. Àwọn Òyìnbó London ní tiwọn kò dúró de oòrùn: nínú òtútù oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń wa ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1905 lọ sí Brighton, torí pé inú oṣù yẹn lọ́dún 1896 ni òfin gbà kí mọ́tò sáré díẹ̀ sí i. Ibi tí irú ìpàdé yìí bá ti wáyé, òtẹ́ẹ̀lì kún, oníṣẹ́ ọwọ́ ríṣẹ́, aláwọ̀ àti oníránṣọ àga mọ́tò náà ríṣẹ́.

Ìyàtọ̀ kan wà tó yẹ kí oníṣòwò fi sọ́kàn. Ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, FIVA, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1966, ní kí ọkọ̀ tó lè jẹ́ ọkọ̀ ìtàn, ó gbọ́dọ̀ pé ọgbọ̀n ọdún, kí ó wà bí wọ́n ṣe ṣe é, kí ó má sì jẹ́ ohun tí wọ́n fi ń jáde lójoojúmọ́. Tí a bá fojú ọdún nìkan wò ó, 504 tó jáde ní Kàdúná lọ́dún 1990 ti kún ojú òṣùwọ̀n. Àmọ́ kí ó wà bí wọ́n ṣe ṣe é ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú tiwa ti ní iná Toyota níwájú àti ìdarí tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ mìíràn. Ẹni tó bá ní èyí tí wọn ò tíì gbé gẹ̀gẹ̀ sí lára, kó má jẹ́ kí mẹkáníìkì kan fọgbọ́n tirẹ̀ tún un dá.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù ni ti Kúbà. Láti ìgbà ìyípadà ìjọba ọdún 1959 ni ọkọ̀ Amẹ́ríkà tuntun kò ti rọ́nà wọ ibẹ̀ mọ́, wọ́n bá ń tún èyí tó wà nílẹ̀ ṣe. Àwọn àlejò tó bá dé Havana ló ń sanwó báyìí kí wọ́n lè gun ún. Lọ́dọ̀ tiwa, òfin Kọ́sítọ́ọ̀mù kò gba kí wọ́n kó àlòkù ọkọ̀ tó ti ju ọdún 12 lọ wọlé. Èyí túmọ̀ sí pé Ìjàpá tó wà nílẹ̀ ló wà nílẹ̀. Èyí tí àwọn alálòkù irin bá gbé lọ sí Òwódé Onírin, ó lọ nìyẹn. Síbẹ̀, a ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé gbogbo ọkọ̀ tí adìẹ ń yé sí ti di góòlù.

Ó kan ọ̀rọ̀ owó wàyí. Ìwé ọ̀nà márùndínlọ́gọ́ta kan tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò ni ọkùnrin yìí ń kọ ìṣirò rẹ̀ sí, ó sì jẹ́ ká rí i. Lọ́dún 2024, ọkọ̀ náà jáde lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún. Mọ́kànlá wà ní Erékùsù ní ₦70,000 ẹyọ kan, márùn-ún kọjá sí Ìkẹjà àti agbègbè rẹ̀ ní ₦120,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,370,000. Tí èèyàn bá gbọ́ ìyẹn nìkan, inú rẹ̀ á dùn.

Ẹ wá wo apá kejì. Epo àti owó dẹrẹ́bà gbé ₦285,000. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May ọdún 2023, lítà bẹntiróò tí kò tó ₦200 nígbà náà ti lé ní ₦800 lásìkò tí a ṣèbẹ̀wò yìí, ẹ́ńjìnnì oníkábúrétọ̀ kò sì mọ̀ pé epo ti wọ́n. Àtúnṣe gbé ₦410,000. Táyà mẹ́rin, ₦220,000. Ìwé ọkọ̀ àti adójútòfò, ₦55,000. Ọ̀dà tuntun, ₦300,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦1,270,000. Ohun tó ṣẹ́kù fún odidi ọdún kan ni ₦100,000.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ẹbí ti wọlé. Bàbá wọn tó ni ọkọ̀ náà ti kú láti ọdún 2009. Ọmọ mẹ́rin ló fi sílẹ̀. Ẹnì kan ti wá fi ₦2,500,000 lọ̀ wọ́n, ìyẹn ₦625,000 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Tí a bá pín ₦100,000 tó ṣẹ́kù náà sí mẹ́rin, ₦25,000 ni. Ẹ̀gbọ́n wọn àgbà obìnrin tó ń ta aṣọ ní Jankara ló ń ṣaájú àwọn tó ní kí wọ́n tà á. Owó ìyálé ìsọ̀ rẹ̀ ti tó san, oníṣọ́ọ̀bù kò sì dúró. A bá ìyá náà sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn ọkọ̀ náà tó òun, ó ní inú rẹ̀ ni bàbá àwọn ti gbé òun lọ sílé ìwòsàn lóru tí òun bí àkọ́bí òun. Ṣùgbọ́n ó ní òun ò lè gbé ìtàn lọ fún oníṣọ́ọ̀bù. Ohun tó tún ń dùn ún ni pé àbúrò òun ń gbọkọ̀ jáde ní gbogbo Sátidé, òun ò sì rí ìwé kankan rí láti ọdún mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ ìyá náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lójú ẹni tó wà níta, ọkọ̀ tó ń lọ sóde lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún lọ́dún ń pa owó rẹpẹtẹ, ta ló sì ń jẹ ẹ́? Ìwé ọ̀nà márùndínlọ́gọ́ta yẹn kò kúrò nínú dúrọ́ọ̀ ìsọ̀ ní Ìdúmọ̀tà rí.

Àmọ́ a tún ìṣirò náà wò pẹ̀lú rẹ̀, nǹkan kan sì hàn. Ọ̀dà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kùn lọ́dọọdún, táyà náà kì í tán lọ́dún kan fún ọkọ̀ tí kì í jáde ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún lọ. Tí a bá pín owó ọ̀dà sí ọdún márùn-ún, ₦60,000 ló bọ́ sí ọdún kan. Tí a bá pín táyà sí ọdún mẹ́rin, ₦55,000 ni. Ìnáwó ọdún 2024 á wá jẹ́ ₦865,000, èrè á sì di ₦505,000. Tí wọ́n bá pín in dọ́gba, ó lé ní ₦126,000 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Owó kan náà ni, ìwé kan náà, àmọ́ kò jọ ara wọn mọ́. Ó ku ohun kan ṣáá: bí èrè bá jẹ́ ₦505,000, wọ́n gbọ́dọ̀ máa tọ́jú ti ọ̀dà àti ti táyà sí ọ̀tọ̀ lóṣooṣù, kí ọjọ́ tó bá pé má baà bá wọn lábo. Kò sì tíì sí owó oṣù kankan níbẹ̀ fún ẹni tó ń fi Sátidé rẹ̀ tẹ̀lé ọkọ̀.

Ọ̀ràn kan tún wà tí wọn ò kà sí. Orúkọ bàbá wọn tó ti dolóògbé ló ṣì wà lórí ìwé ọkọ̀. Kò sí ẹni tó máa rà á ní iye gidi tí kò ní béèrè ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí bí wọ́n ṣe máa gba owó lọ́wọ́ iléeṣẹ́ adójútòfò láìsí wàhálà tí nǹkan bá ṣe ọkọ̀. Adójútòfò tí wọ́n ní pẹ̀lú, ti ọkọ̀ àdáni ni, èyí tí ìjọba sọ di ₦15,000 láti January ọdún 2023. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gba owó kò sí lábẹ́ irú rẹ̀. Ẹ̀yin tó ń fi ọkọ̀ tàbí bọ́ọ̀sì ilé yín ṣe háyà lọ́jọ́ Sátidé, ẹ lọ yẹ tiyín wò, kẹ́ ẹ sì béèrè lọ́wọ́ aṣojú wọn kó tó di pé ẹnì kan ṣèṣe.

Ìpàdé ẹbí wáyé lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀, nínú yàrá àlejò ẹ̀gbọ́n wọn nínú ẹ́sítéètì Adéníji Adélé. A kò sí níbẹ̀. Ọkùnrin náà ló pè wá lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní ariwo pọ̀. Ó ní nígbà tí òun gbé ìwé náà jáde, ẹ̀gbọ́n àwọn gbà á, ó ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀, ó kà á délẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n fẹnu kò sí i pé wọn ò ní ta ọkọ̀ náà títí di ìparí ọdún. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni ìwé gbọ́dọ̀ máa dé iwájú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àbúrò wọn tó kéré jù ló máa sáré ìwé ọkọ̀ tí wọ́n máa yí orúkọ rẹ̀ padà. Ní ti owó ìsọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló yá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìdajì nínú owó ọjà rẹ̀, ó sì kọ ìyẹn náà sínú ìwé.

Bàbá mẹkáníìkì ti tú rédíétọ̀, ó ti fọ̀ ọ́, ó sì ti fi èédú tuntun sí fáànù. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún, ìgbéyàwó kan ní Yábàá ni. Wọ́n ti sọ fún àwọn ẹbí ìyàwó pé aago mẹ́jọ àárọ̀ ni ọkọ̀ máa gbéra, kí oòrùn tó mú, kí ìyàwó tètè múra.